Ọmọ Mi, Kọ́kọ́ Wọ̀n Ọ́n Ná

Ọmọ mi, wọ́n sọ fún mi pé o ti ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì tìrẹ, àti pé kí o tó fi ṣe iṣẹ́ kankan lo ti ń béèrè bí wọ́n ṣe ń lé e kó sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó máa sá lọ. Overclock lẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń pè é. Mi ò ní sọ pé má dán an wò. Àgbà tó ń dá ọmọdé lẹ́kun ohun tí òun náà ń gbádùn, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé yíyí nọ́ńbà nínú BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà, ló rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wíwọ̀n ni iṣẹ́ gidi: kí o mọ bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀, kí o mọ bó ṣe ń sáré báyìí, kí o sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ohun tí ojú rẹ kàn fẹ́ rí.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ fún ọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1998, Intel gbé prósẹ́sọ̀ olówó pọ́ọ́kú kan jáde tó ń jẹ́ Celeron 300A. 300 MHz ni wọ́n kọ sí i lára. Gbogbo mọ́dábọ́ọ̀dù ló ní ìlù kan tó ń lù, tí gbogbo ara kọ̀ǹpútà ń jó sí. Ìlù ti Celeron yìí jẹ́ 66 MHz, prósẹ́sọ̀ á sì sọ ọ́ di ìlọ́po 4.5. Intel ti ti 4.5 yẹn pa, kò sẹ́ni tó lè yí i. Àmọ́ wọn ò rí ìlù bọ́ọ̀dù tì pa. Àwọn ọmọ tó gbọ́n gbé e sórí bọ́ọ̀dù Abit BH6, èyí tí BIOS rẹ̀ gbà wọ́n láyè láti yí ìlù náà padà, wọ́n gbé 66 lọ sí 100, ohun tó kọ 300 sára sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá 450. Prósẹ́sọ̀ tó wà lórí téńté ọjà Intel fún kọ̀ǹpútà ilé lóṣù yẹn gan-an, Pentium II, 450 MHz lòun náà ń sá. Ìrántí kékeré tó wà nínú Celeron ọ̀hún kò ju 128 KB lọ, ṣùgbọ́n ó ń bá prósẹ́sọ̀ rìn ní iyára kan náà, nígbà tí 512 KB ti Pentium II ń sá ìdajì. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ọmọ tálákà àti ọmọ olówó jọ dé ibi ìparí pọ̀ ni.

Kò sí idán níbẹ̀. Ṣíípù tó dára ni Intel ń ṣe, àwọn tó ń ra olówó pọ́ọ́kú sì pọ̀, ni wọ́n bá kọ nọ́ńbà kékeré sára ṣíípù tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààyè wà láàárín ohun tí wọ́n kọ àti ohun tó lè ṣe, ààyè yẹn sì ni overclock ń jẹ. Ní ọdún 2011 ó ṣì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ: Core i5-2500K tí wọ́n tà ní 3.3 GHz, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbé e dé 4.5 pẹ̀lú fáànù lásán, tí kò sì mí fúkẹ́fúkẹ́.

Ààyè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán báyìí, èyí ni ọ̀pọ̀ yín kò fẹ́ gbọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti kọ́ láti jẹ ẹ́ fúnra wọn kí wọ́n tó tà á fún ọ. Core i9-13900K tó jáde ní 2022 ń gun 5.8 GHz láti ilé-iṣẹ́, ó sì lè fa iná 253 watt bó bá ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Èyí tó tẹ̀ lé e, 14900K, dé 6.0. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Nígbà tó fi máa di 2024, àwọn tó ra irú ṣíípù wọ̀nyí ń pariwo pé géèmù àti iṣẹ́ ń já lójijì, láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Intel wádìí, wọ́n ní fóltéèjì tó ga jù ń ba apá kan nínú ṣíípù náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn wọ́n gbé àtúnṣe kan jáde, tí wọ́n pè ní microcode 0x129, tó dí i lọ́wọ́ láti máa béèrè ju 1.55 volt lọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kún àkókò tí wọ́n fi máa ń dáhùn fún un bó bá bàjẹ́. AMD náà ò yọ: ní 2023, Ryzen 7000 onílẹ́tà X3D kan bẹ̀rẹ̀ sí í jóná lórí bọ́ọ̀dù, torí àwọn bọ́ọ̀dù kan ń ti fóltéèjì apá kan nínú rẹ̀ sókè jù nígbà tí wọ́n bá tan ètò RAM oníyára. AMD ní kí ó má kọjá 1.3 volt mọ́.

Àwọn onímọ̀ tó ya ṣíípù àti bọ́ọ̀dù wọ̀nyí láti orí dé ẹsẹ̀ ló ṣi fóltéèjì wọ̀n yẹn o. Ìwọ wá wo fídíò kan lálẹ́ àná, o fẹ́ fi 1.45 lé e torí pé ọmọ kan ní òkè òkun ní tòun gbà á.

Nípa iná, ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kó wà lórí rẹ. Iná tí ṣíípù ń jẹ ń tẹ̀ lé iyára rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé fóltéèjì lọ́nà méjì, ìyẹn ni pé fóltéèjì tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bí o bá fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún iyára, tí ṣíípù sì kọ̀ láìjẹ́ pé o fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún fóltéèjì, ìsọdipúpọ̀ 1.1 lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn: iná á fi bíi 33 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ṣíípù tó ń jẹ 100 watt á máa jẹ 133, ooru ni gbogbo rẹ̀ sì máa dà. Kí lo rí gbà? Iṣẹ́ tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá á parí ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé prósẹ́sọ̀ nìkan ni iṣẹ́ náà ń dúró dè. Ẹni tó ń lo ínfátà ní Ìbàdàn mọ ohun tí 33 watt ń ṣe sí bátìrì láti agogo méje alẹ́ di òwúrọ̀.

Ooru náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Fáànù tàbí omi, èyíkéyìí tí o bá lò, kò lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá rẹ lọ. Bí ẹnì kan bá dán an wò nínú yàrá oní 20°C ní Sweden, tí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ dúró sí 78, tìrẹ nínú yàrá 34°C ní oṣù kẹta, tí iná ti lọ tí ferese sì ṣí, á súnmọ́ 92. Ọ̀pọ̀ Intel máa ń dín eré kù fúnra wọn tí wọ́n bá dé 100°C, Ryzen 7000 sì ní 95. O lè lé e lé e títí kó wá máa rọra sá ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, tí o ò ní mọ̀, àfi bí o bá ń wọ̀n.

Ó dáa, báwo lo ṣe máa wọ̀n ọ́n? Àwọn ètò ìdánwò tí wọ́n ń pè ní benchmark pọ̀ lọ jàra. Cinebench tí ilé-iṣẹ́ Maxon ní Jámánì ṣe máa ń gbé àwòrán kan fún prósẹ́sọ̀ kó yà á, á sì fún un ní máàkì. 3DMark láti Finland, káàdì gíráfíìkì ló ń dán wò. CrystalDiskMark wà fún dísíìkì. Gbogbo wọn ló wúlò, kò sì sí èyí tó mọ iṣẹ́ tí o ra kọ̀ǹpútà fún nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé fídíò ìgbéyàwó lò ń gé, mú ọ̀kan tí o ti gé parí, fi pamọ́ sínú fódà kan, má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́. Ìyẹn ni benchmark rẹ. Ní kí kọ̀ǹpútà gbé e jáde (export), fi aago fóònù ka iye ìṣẹ́jú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí à ń fi gègé kọ ni mo ní lọ́kàn. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé orí ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, pàápàá orí ẹni tó fẹ́ kí nọ́ńbà náà ga.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, pa kọ̀ǹpútà, tàn án padà, jẹ́ kó sinmi kí Windows parí gbogbo ohun tó máa ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Ti Chrome. Ti WhatsApp orí kọ̀ǹpútà. Ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mú èyí tó wà láàárín. Bí mẹ́ta tí o kò tíì yí ohunkóhun lára wọn bá ti fi 2 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra, má wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé o jèrè 1. Kọ bí yàrá ṣe gbóná tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí èyí tí o ṣe láàárọ̀ àti èyí tí o ṣe lọ́sàn-án kì í ṣe ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ṣoṣo ni kí o yí. Ẹni tó gbé prósẹ́sọ̀ sókè, tó yí RAM, tó tún ṣe ìmúdójúìwọ̀n dírafà lálẹ́ ọjọ́ kan náà, bí eré bá pọ̀ sí i kò mọ ẹni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì bàjẹ́, kò mọ ẹni tó máa bá wí.

Má gbàgbọ́ nínú ìdánwò kúkúrú. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló máa ń fi agbára sá ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan àkọ́kọ́, tí irin bá gbóná tán á wá rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Cinebench R23 fi máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko lé e bí o kò bá yí i padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni SSD: ó ní apá kan tó yára gan-an tó kọ́kọ́ ń kọ nǹkan sí, bí ìyẹn bá kún, iyára á já. Fáìlì kékeré ò ní fi èyí hàn ọ́. Da fídíò 60 GB lé e kí o wò ó.

Tó bá jẹ́ géèmù, má wo ìpíndọ́gba nìkan. Kọ̀ǹpútà tó ń fún ọ ní férémù 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń já sí 20 nígbà tí ọ̀tá bá yọ, níbi 20 yẹn ni wọ́n ti máa pa ọ́. Kí o tó lé prósẹ́sọ̀, mọ̀ bóyá òun ló ń fa ìdádúró. Dín iye àmì kéékèèké tí géèmù náà fi ń ya àwòrán kù, ìyẹn resolution. Bí férémù bá fò sókè, káàdì gíráfíìkì ni kò lágbára tó, kò sí bí o ṣe lè lé prósẹ́sọ̀ tó tí wàá rí èrè gidi. Bí kò bá yí padà, prósẹ́sọ̀ ni.

O sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a máa ń ṣe èrú nínú benchmark, àwọn ńlá ńlá ló sì ń ṣe é. Ní 2001, àwọn akọ̀ròyìn rí i pé dírafà káàdì ATI Radeon 8500 mọ géèmù Quake III lórúkọ. Wọ́n wá yí orúkọ náà padà nínú fáìlì rẹ̀, wọ́n sọ quake di quack. Eré rẹ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwòrán sì dára sí i: dírafà ọ̀hún ti ń ba àwòrán jẹ́ ní kọ̀rọ̀ kí nọ́ńbà lè ga. Ní 2003, ó di ọwọ́ Nvidia. 3DMark03 máa ń rìn lójú ọ̀nà kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹni tó ń wò kò lè yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà dírafà wọn kò ya ohun tó wà níbi tí ojú kì í dé. Nígbà tí Futuremark tó ni ìdánwò náà dí ọ̀nà yẹn, máàkì GeForce FX 5900 Ultra já wálẹ̀ ní bíi 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó yá, Futuremark àti Nvidia jókòó pọ̀, wọ́n jọ kọ̀wé pé kí a má pè é ní èrú mọ́. Èrú ni mo ṣì ń pè é o. Nígbà tí o bá rí nọ́ńbà tó dùn lára páálí, béèrè ẹni tó wọ̀n ọ́n àti ohun tó fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó wá jẹ mí lógún jù ni ìdúróṣinṣin. Kọ̀ǹpútà tí o lé jù, bó bá kú pátápátá tí ojú rẹ̀ di búlúù, ó ṣàánú rẹ ni. Èyí tó burú ni èyí tí kò kú, tó kàn ń ṣi ìṣirò ṣe. Á gbé fídíò oníbàárà rẹ jáde pẹ̀lú àmì àwọ̀ ewé kan ní ìṣẹ́jú kẹtàlélógójì, níbi tí ìyá ìyàwó ti ń gbàdúrà. Á kọ fáìlì síta, fáìlì náà á sì kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Prime95, àwọn tó ń wá nọ́ńbà àìlèpín (prime) ti Mersenne ló ni ín, láti 1996. Ó ní ìdánwò ìdálóró kan tó máa ń gbé ìṣirò tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ fún gbogbo apá prósẹ́sọ̀ pọ̀. Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, kí o jókòó tì í, kí ojú rẹ wà lára nọ́ńbà ooru. Bí prósẹ́sọ̀ rẹ bá ṣìṣe, wàá rí ìlà kan tó fara hàn: Rounding was 0.5, expected less than 0.4. Windows ò kú, máòsì ṣì ń rìn, orin tí ò ń gbọ́ kò dúró. Ìlà yẹn nìkan ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé prósẹ́sọ̀ rẹ ti purọ́ fún ọ. Dín iyára kù, má ṣe yára gbé fóltéèjì sókè. Fún RAM, Memtest86 ni kí o lò, ní gbogbo òru, kí àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ òdo. Àṣìṣe kan ṣoṣo, ó ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ RAM tilẹ̀ mú mi rántí: ọ̀pọ̀ yín ló ra RAM tí wọ́n kọ 3200 sí lára, tó sì ń sá 2133 láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Bí wọ́n ṣe ń gbé DDR4 jáde nìyẹn, àfi kí o wọ BIOS kí o tan XMP rẹ̀, ètò tó ń jẹ́ kó sá iye tí wọ́n kọ sí i lára. Overclock lèyí náà jẹ́ lójú àwọn tó ṣe prósẹ́sọ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, òun ló ní èrè jù tí ewu rẹ̀ sì kéré jù. Tàn án, kí o sì dán RAM náà wò lóru ọjọ́ yẹn.

Ṣé tòkunbọ̀ ni tìrẹ? Mo gbọ́dọ̀ béèrè, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà ni Dell OptiPlex àti HP EliteDesk tó jáde láti ọ́fíìsì òyìnbó. Má fi àkókò ṣòfò. Títì pa ni wọ́n ti BIOS wọn, prósẹ́sọ̀ inú wọn kì í sì í sábà ní lẹ́tà K níparí orúkọ, èyí tí Intel fi ń sàmì sí àwọn tí wọn ò tì pa. Kò sí bí o ṣe máa lé e. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó lè ṣe fún ọ. Ṣí OptiPlex 7010 kan. RAM kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. DDR3-1600 kan ń kó 12.8 GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi èkejì tó bá a dọ́gba sí ihò tó yẹ, ó di 25.6. Yọ dísíìkì tó ń yí, fi SSD sí i, kò sí overclock kankan láyé yìí tó máa fún ọ ní irú ìyàtọ̀ tí wàá rí nígbà tí o bá tàn án. Lẹ́yìn náà tú fáànù orí prósẹ́sọ̀. Eruku ọyẹ́ á ti di aṣọ sáàárín irin, ìpara tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ti gbẹ bí ẹfun. Fọ eruku kúrò, fi sípíríìtì nu ìpara náà, fi tuntun tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sí i. Wọ̀n ooru rẹ̀ ṣáájú, wọ̀n ọ́n lẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ pé K ló wà lọ́wọ́ rẹ, tàbí Ryzen, tí o sì fẹ́ dán an wò síbẹ̀, gbé e sókè ní 100 MHz lẹ́ẹ̀kan, dán an wò, kọ ọ́ sílẹ̀, kó o tó tún gbé e. Bó bá kọ̀ láti tàn, má sunkún: yọ bátìrì roboto orí mọ́dábọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí o ti fa wáyà iná, BIOS á gbàgbé gbogbo ohun tí o sọ fún un. Tó bá jẹ́ ti ara mi ni, òdìkejì ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe lóde òní. Mo máa ń dín fóltéèjì kù díẹ̀díẹ̀ láìfọwọ́ kan iyára, títí ìdánwò á fi kọ̀, kí n tó sún un padà sókè díẹ̀. Prósẹ́sọ̀ á tutù, fáànù á dákẹ́, ó sì lè yára sí i láìjẹ́ pé mo lé e, torí pé ṣíípù ìwòyí fúnra wọn máa ń gun òkè bí wọ́n bá rí i pé ara wọn tutù. Kò sí ẹni tó máa yìn ọ́ lórí èyí o, nítorí kò ní nọ́ńbà tí ènìyàn ń fi yangàn.

Àwọn tó ń wá nọ́ńbà tí wọ́n ń fi yangàn wà lọ́tọ̀. Ní oṣù kẹwàá 2023, ọ̀gá kan láti Sweden tí wọ́n mọ̀ sí Elmor gbé Core i9-14900KF kọjá 9,000 MHz. Hílíọ̀mù olómi ló dà lé e lórí, ohun tó ń hó ní 269°C nísàlẹ̀ òdo. Eré ìdárayá nìyẹn, mo sì máa ń wò ó pẹ̀lú ayọ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹn kọ lẹ́tà.

Nǹkan méjì péré ló kù. Bí o bá máa ṣe ìmúdójúìwọ̀n BIOS, rí i pé UPS wà, pé bátìrì rẹ̀ sì dára, má fọkàn tán NEPA fún ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Bọ́ọ̀dù tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ nígbà náà lè má tàn mọ́ láé. Èkejì ni pé lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ tà á, dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, sọ fún ẹni tó ń rà á pé o ti lé e rí, sọ iye fóltéèjì tí o fún un, kí o sì fi ìwé tí o fi ń kọ nọ́ńbà hàn án, kó lè mọ iye tó yẹ kó san.